Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo sọ, odindi tí wọ́n gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera, wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín nípa ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwùjọ. Ibi tí ojú ti tì mí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n.

Ìpàdé òbí ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi àjẹsára HPV, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, kún èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló wà fún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gún un. Nígbà tó kàn wá, èmi ni wọ́n ní kó lọ ṣàlàyé fún àwọn òbí. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ṣe dìbéètì ní yunifásítì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbóhùn sókè àti bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fáìlì tó kún fún àkọsílẹ̀ sì wà lábẹ́ abíyá mi.

Mo gba máìkì, mo kí wọn, mo ní: "Ẹ̀yin òbí wa, àjẹsára yìí dáa gan-an. Ìjọba ló gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀."

Mo rò pé gbólóhùn yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti ẹ̀yìn. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní: "Ọmọ mi, ọjọ́ tá a ti ń sunkún iná, ìjọba ò dá wa lóhùn. Títì ńkọ́? Kódà Panadol, tá a bá dé ọsibítù, owó wa la fi ń rà á. Kí ló wá dé tí eléyìí fi jẹ́ ọ̀fẹ́, tó tún jẹ́ ọmọbìnrin nìkan?"

Mi ò lésì. Mo ṣí fáìlì mi. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń wá bàtà wọn.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yẹn. A máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ìgbà tá a bá fẹ́ yin ẹni tó tètè ń lóye la sábà máa ń pa á. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa: inú ẹni tó gbọ́ ọ ló ti ń di odindi, kì í ṣe ẹnu ẹni tó sọ ọ́. Nítorí náà, ohun tó ti wà nínú ọ̀hún tẹ́lẹ̀ ló máa bá ààbọ̀ tèmi pàdé.

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 kí wọ́n tó bí Jésù, ti rí nǹkan yìí. Ó ní tẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ bá ń tú gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sú àwọn èèyàn. Ẹ fi èyí tí wọ́n ti mọ̀ sílẹ̀, àwọn fúnra wọn á fi kún un. Enthymeme ló pè é, ó sì ní òun gan-an ni ara tí ọ̀rọ̀ ìyínilọ́kànpadà gbé wọ̀. Ní kíláàsì, mo kà á, mo yege nínú ìdánwò rẹ̀, mo sì jókòó lé e bí ẹni jókòó lé owó tí kò mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ẹní.

Ẹ wo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Tá a bá tú u palẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: ohun tí ìjọba bá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ire ni, ọ̀fẹ́ ni àjẹsára yìí, nítorí náà ire ni. Àárín àti ìparí nìkan ni mo sọ. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ pamọ́, mo rò pé gbogbo wa la jọ ní in. Ìyá elélùbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: ohun tẹ́nì kan bá gbé fún ọ láìjẹ́ pé o tọrọ rẹ̀, tẹ́ni náà kì í sì í fún ọ ní èyí tó o tọrọ, ó ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ rẹ. Ó mú àárín tí mo fún un, ó so ó mọ́ èyí, ó sì dé ibi tó yẹ kó dé. Màmá yẹn ò ṣìrò rárá. Ìrònú rẹ̀ gún régé ju tèmi lọ.

Tẹ́ ẹ bá gbá èyí mú, èyí tó kù á rọrùn. Àwa tá a kàwé máa ń ya mímọ àwọn tá à ń bá sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìrònú tó já gaara, bíi pé ọ̀kan wà fún àwọn onípolówó ọjà, èkejì fún àwọn lọ́yà. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìdajì àríyànjiyàn yín wà nínú ikùn àwọn tó jókòó síwájú yín, ẹ ò sì lè mọ̀ bóyá ó gún tàbí kò gún tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún wa pé ká fi mọ àwùjọ wúlò níwọ̀n: ọjọ́ orí, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ẹ̀sìn, ìwé tí wọ́n kà. Òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ kì í pèpàdé lọ́jọ́ ọjà tàbí ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Kò sí ibì kankan lórí fọ́ọ̀mù náà tẹ́ ẹ ti máa rí "ìjọba ò dá wa lóhùn". Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń dé ìlú náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mo máa ń ra nǹkan. (Òkè-Ògùn ti fún mi ní èlùbọ́ tí mi ò lè jẹ tán.) Níbi tí mo ti ń ná an, màá béèrè pé: "Kí lẹ gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ yìí?" Ẹ kíyè sí i pé mi ò béèrè bóyá wọ́n á gbà á. Ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ bá bi ní ìyẹn lójúkojú, á dá yín lóhùn pé "a dúpẹ́, a máa mú wọn wá", nítorí pé wọn kì í dójú ti àlejò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi í léèrè ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sọ, á sọ tiẹ̀ gan-an fún yín, á sì fi í sẹ́nu aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Kánò fún yín, torí pé ó ju ìlú kékeré kan lọ. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá dá àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé wọ́n ti po ohun tó ń sọni di àgàn mọ́ ọn. Ti Kánò ló pẹ́ jù. Wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n gbé èsì jáde, àwọn kan ò gbà. A lè máa pè wọ́n ní aláìmọ̀kan láti Ìbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n ní Kánò yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà ti dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Ohun tó wà nínú ikùn wọn nìyẹn. Ní 2004, nígbà tí wọ́n gbé àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà wá, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, Kánò gbà á. Irú oògùn kan náà ni. Ẹni tó gbé e wá ló yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n wá kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ ti àdánidá (wild polio) ti kúrò ní Áfíríkà.

Aristotle ní ọ̀nà mẹ́ta la fi ń yí ènìyàn lọ́kàn padà: ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ipò tí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ wà, àti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìdí tí ọmọdé fi ń sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe" kó tó pa òwe níwájú àgbà? Ó ń tọrọ àyè ni. Táwọn àgbà bá sì dáhùn pé "wàá rí òmíràn pa", wọ́n ti fún un láyè. Mo máa ń gbọ́ ìdáhùn yẹn bí ẹni ń yẹ omi wò kó tó wọ̀ ọ́. Tó bá jáde lẹ́nu wọn wọ́ọ́rọ́, mo mọ̀ pé mo lè tẹ̀ síwájú. Tí ibẹ̀ bá pa lọ́lọ́, màá dẹsẹ̀ dúró, màá tún kí wọn.

Èyí mú mi dórí ìbéèrè kan tí wọ́n máa bi ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin obìnrin: "Ṣé ìwọ ti bímọ?" Nínú ìwé ìrònú, àṣìṣe ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó kọlu ẹni tó sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí, mo dá wọn lóhùn bí oníwèé: "Ìyẹn ò kan ohun tá à ń sọ." Ẹ má dán an wò. Ẹni tó bi yín bẹ́ẹ̀ ń béèrè bóyá ẹ ní nǹkan tí ẹ lè pàdánù níbẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé mi ò tíì bí, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, ti gbà á, èmi ni mo sì mú un lọ. Òótọ́ ni. Tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ má sọ ọ́.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan tó burú jù yẹn lọ. Bàbá kan sọ pé ọmọ kan gba abẹ́rẹ́ ní ìlú tó wà nítòsí wọn, ó sì dákú. Ó wá fi òwe dè é: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Inú mi dùn, torí pé kò sí àpẹẹrẹ tó dáa tó o fún àṣìṣe tí àwọn elédè Látìn ń pè ní *post hoc*: èyí tẹ̀lé tọ̀hún, nítorí náà tọ̀hún ló fà á. Mo bá sọ fún bàbá náà pé òwe yẹn ò bọ́gbọ́n mu. Gbogbo ilé dì bí yìnyín. Mo lè jàre nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo ti bú ẹnu tí òwe náà ti jáde, mo sì ti bú àwọn tó kọ́ ọ.

Ní ìlú mìíràn, òwe yẹn náà tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ gba òótọ́ tó wà níbẹ̀: àwọn ọmọ kan máa ń dákú lóòótọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Mo ní lórí ìlà àárọ̀ níléèwé, ṣé ọmọ tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́ kì í dákú ni? Wọ́n ní wọ́n ń dákú. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àjẹ́ tó ké lọ́jọ́ tí ọmọ kankan ò kú ńkọ́?" Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń ka ọjọ́ tí àjẹ́ ké tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá elélùbọ́ àti àwọn òbí yòókù. Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ ló wà nínú ikùn wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ yìí á sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Mi ò ní kí wọ́n gbé ẹ̀rù náà jù sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ-ọmọ, á ṣọ́ ilé-ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni kòkòrò HPV ń fà, tó bá sì mú obìnrin, àìmọye ìgbà ni wọ́n ń gé ilé-ọmọ náà kúrò kí wọ́n tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Abẹ́rẹ́ yìí ń dènà kòkòrò náà. Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ìyá elélùbọ́ ló parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kọjú sí obìnrin tó jókòó tì í: "Àṣé torí kí wọ́n lè bí ni."

Wọ́n mú ọmọ wá lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn kọ́ ṣá. Bàbá kan dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó ní òun gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, kò sì sí èyí tí kò yé òun. Ó wá bi mí pé tó bá jẹ́ pé ìjọba fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi sí omi nínú ọsibítù tí wọ́n fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́? Mo ní òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ, mi ò sì ní ìdáhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò mú ọmọ tiẹ̀ wá.