Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Géèmù Èkó, Ẹ Gbọ́ Tèmi Ná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi mí kún grúùpù WhatsApp àwọn àbúrò wa tó wà ní 300 level, pé kí n bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ géèmù tí wọ́n fẹ́ ṣe fún kọ́ọ̀sì. Mo ka ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀. "GTA ti Èkó," ìyẹn géèmù tí èèyàn á ti máa wakọ̀ káàkiri ìlú. "Ogun àwọn òrìṣà, kó jẹ́ 3D." "Bọ́ọ̀lù bíi ti FIFA, àmọ́ kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà ni ká lò." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí ọ̀rọ̀ kan náà la sọ nígbà tiwa.

Ẹ ti mọ Unity, ẹ ti mọ Godot tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, mi ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Ohun mẹ́rin péré ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, kí kálukú dá kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó pọ̀. Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló sọ àṣà ká kóra jọ ká máa da èrò sílẹ̀ wìtìwìtì di gbajúmọ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹnu àtẹ́ lu èrò ẹlòmíì. Lọ́dún 1958, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Yale yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé bí èèyàn mẹ́rin bá dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a wá pa tiwọn pọ̀, èrò wọn ń pọ̀ ju ti ẹni mẹ́rin tó jókòó sójú kan. Kò yà mí lẹ́nu. Níbi tí a bá ti kóra jọ, ẹni tó lóhùn jù ló ń pàṣẹ. Tó bá tún wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ parí.

Èkejì, ohun tí ìka ń ṣe ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìtàn sílẹ̀ ná. Fò. Yí. Tì. Sá. Kọ̀ǹpútà tí Alexey Pajitnov fi ṣe Tetris, géèmù títo búlọ́ọ̀kù, ní Moscow ní nǹkan bí ọdún 1984 kò lè ya àwòrán. Àmì àkámọ́ ló fi to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Kò sí akọni, kò sí ọba burúkú. Yí i, jẹ́ kó bọ́, ó tán.

Ẹ̀kẹta... Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa, torí ìyókù ò ní yé yín bí mi ò bá sọ ọ́.

Olórí ẹgbẹ́ wa ti ṣe Poli, ó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, Direct Entry ló fi wọlé, nítorí náà "brọ̀dá" ni gbogbo wa ń pè é. A jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀, máàkà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ká ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. "Ayò àwọn bàbá abẹ́ igi?" Brọ̀dá kọ ọ́ sísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù pátápátá. Nígbà tó fẹ́ ya máàpù Èkó, tí àyè ò gbà á, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ló fi nù ún. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló kọ́kọ́ ka òfin fún wa pé a kì í bẹnu àtẹ́ lu èrò ẹnikẹ́ni o! Ó ní òun ò bẹnu àtẹ́ lù ú, àyè lòun ń wá.

Ohun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn, ojú 12 ni, ọmọ 48. Awari, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò wa, ni John Romein àti Henri Bal fi kọ̀ǹpútà yanjú ní Amsterdam lọ́dún 2002, ìyẹn ni pé wọ́n ṣírò gbogbo ibi tó lè já sí. Oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dúró lórí ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889! Wọ́n sì rí i pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni. Ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá wọn lóhùn.

Èkó la ṣe. Dánfó láti Ọ̀ṣòdì dé Ọbáléńdé, kó gba orí Third Mainland Bridge. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, brọ̀dá sì ní kó gùn bó ṣe gùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ẹni tó ń yàwòrán fún wa fi ń to òpó. RAM 4 GB ni láptọ́ọ̀pù wa ní. Bí o bá ṣí iṣẹ́ náà, o lè lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì kó tó jí. Nígbà tó wá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń wakọ̀ á kàn tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, á máa wo omi. Kò sí ohun tó máa ṣe. Kódà kò sí gosiló.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀fẹ́ la rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kùn ún ní yẹ́lò, a fa ìlà dúdú sí i lára. Ọkọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì ni. Apá òsì nilẹ̀kùn rẹ̀ wà, àárín títì gan-an ni kọ́ńdọ̀ wa sì rọ̀ sí, tó ń pe "Ọbáléńdé, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" sójú ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní olùkọ́ ò ní rí i.

Lọ́jọ́ tí a gbé e kalẹ̀, brọ̀dá ṣàlàyé títí: awakọ̀ tí bàbá rẹ̀ kú, ọlọ́pàá tó ń lé e, àwọn àdúgbò tí a ṣì máa fi kún un. Olùkọ́ wa, ìyá kan tí kì í gbóhùn sókè, ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbá a." Ó wa dánfó débi tí ègé afárá àkọ́kọ́ ti pàdé èkejì. A ò rántí sọ ilẹ̀ èkejì di líle. Ọkọ̀ já sínú ọ̀sà, ó la ìsàlẹ̀ ọ̀sà já, ó ń bọ́ lọ, kọ́ńdọ̀ ṣì ń pe Ọbáléńdé. Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ìyá náà dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ká ní mi ò já bọ́, tí mo dé Ọbáléńdé, ṣé mo ti borí nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣèpàdé, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Brọ̀dá ní ó ń bọ̀ nínú ẹ̀dà kejì.

Àwọn ọmọbìnrin méjì ló tẹ̀ lé wa. Ẹni tó ń ta omi nínú gosiló ni tiwọn: tẹ bọ́tìnnì kí o sáré, fi sílẹ̀ kí o dúró, gba owó rẹ kí ọkọ̀ tó lọ. Àpótí lásán ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀, wọ́n kọ "MỌ́TÒ" sí i lára. Àwọn èèyàn tò láti gbá a, àwọn ló sì gba máàkì tó pọ̀ jù.

Ìyẹn ò dùn mí tó ìwé tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Brọ̀dá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà ò yọrí torí àwọn kan ò fọkàn sí i, ó sì dárúkọ mi. Mo ṣì ní ìwé yẹn nílé. "Lead Game Designer" ló ń pe ara rẹ̀ lórí LinkedIn báyìí. Kó máa bá a lọ.

Èmi dá ayò mi ṣe nígbà ìsinmi. Mo bi bàbá mi pé bí ẹnìkan bá jẹ gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, tí onítọ̀hún ò rí nǹkan ta mọ́, báwo la ṣe ń ṣe é? Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ jiyàn lé e lórí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn tó gbà mí síṣẹ́ bi mí nígbà tí mo fi géèmù náà hàn wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta nìyí: ẹ fi òkúta àti bébà gbá a nílẹ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì mọ bí èèyàn ṣe ń borí. Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ máa pè é ní brọ̀dá, àmọ́ ẹ gba máàkà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo èrò tó wà lórí grúùpù yín, ọ̀kan ṣoṣo ló wù mí. Ẹnìkan kọ ọ́ lóru, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn: ìyá alágbàdo tó ń yí àgbàdo lórí iná kó má baà jóná, bí oníbàárà ṣe ń dé. Ẹ gé páálí sí mẹ́fà lálẹ́ òní, kó dúró fún àgbàdo. Kí ẹnìkan máa kà sókè, kí ẹnìkan máa yí i, kí àwọn yòókù máa wá nájà, kí wọ́n sì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá dùn, páálí lẹ kàn fi ṣòfò. Ẹni tó kọ ọ́ ò fi orúkọ sí i, nọ́ńbà nìkan ni mo rí. Kó pè mí.