Adágún Onímú

Kẹ́nikẹ́ni má bi mí nípa bàtà ọ̀tún mi o. Iṣẹ́ adágún tí mo ń ṣe ní Alaska náà ni, òkè àríwá Amẹ́ríkà pátápátá, nítòsí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Teshekpuk. Sátẹ́láìtì ń ya fọ́tò àwọn omi yẹn lóòótọ́, àmọ́ yìnyín inú ilẹ̀ ń yọ́, etí omi ń ya lulẹ̀, òmíì tiẹ̀ máa ń ṣàn lọ tán, ló bá di pé kí èèyàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ wò ó. Wọ́n gbé GPS, ẹ̀rọ tó ń mọ ibi téèyàn wà, lé mi lọ́wọ́ pé kí n rìn yí ọ̀kan po, ibi tí mo bá gbà ni ẹ̀rọ á fi fa ìlà etí adágún sórí máàpù.

Koríko ibẹ̀ ṣù bí orí èèyàn, o tẹ ọ̀kan, ó yẹ̀, ẹsẹ̀ wọ omi dídì. Ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀ ṣì lójú àánú.

Mo rìn dé ìdajì ni mo rí nǹkan funfun ràgàjì létí omi. Béárì! Ẹni tó gbé ìbọn wà lódìkejì adágún, mi ò dágbére fún un. Èmi tí mo máa ń ní orúnkún ń dun mi tí wọ́n bá ní ká gun àtẹ̀gùn, mo sá débi tí bàtà fi kù sẹ́rẹ̀. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, béárì na ìyẹ́, ó fò lọ.

Swan ni. Ẹ ṣáà pè é ní pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn. Kò sígi kankan níbẹ̀ téèyàn lè fi díwọ̀n nǹkan, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ (oòrùn ò wọ̀ o, aago ló ní alẹ́ ni) ọ̀gá wa tan kọ̀ǹpútà, adágún ti yọ imú! Imú gígùn gbọọrọ, tó wá ń pòòyì lójú kan, ibi tí mo ti ń wá bàtà nìyẹn. Wọ́n bi mí ṣé odò ló ṣàn jáde níbẹ̀. Ẹnu mi ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn máa lọ wo odò náà láàárọ̀ ọ̀la. Mo jẹ́wọ́ kíá.

Àṣìṣe kejì ni pé mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá, ilẹ̀ gbalasa nìkan ni wọ́n gbọ́. "Ṣé wọ́n ń tà á?" Mo ní ẹ̀gbọ́n, àwọn Iñupiat, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ilẹ̀ tó dì gbagidi ló sì wà lábẹ́ ẹ̀, ó jìn ju 200 mítà lọ, tí yìnyín inú ẹ̀ bá yọ́, ilé á rì.

Wọ́n ní, "Ṣebí wọ́n ń kọ́lé sí Lẹ́kí?"