Ta Ló Di Ìgbakọ Mú?

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Kuala Lumpur, olú ìlú Màlésíà, lọ́dún 2013, mo wọ ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ilé ìwé wa. Mo dúró níwájú àwọn abọ́ oúnjẹ, mò ń retí kí ẹnìkan bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tó pẹ́, ìyá kan tó fi ìbòrí borí gbé àwo òfìfo lé mi lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún júwe ìkòkò ìrẹsì fún mi, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àṣé èmi ni n ó fọwọ́ ara mi bù ú.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mọ́kọ́lá ni mo ti mọ búkà. Níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ ló ni ìgbakọ, òun ló ni ṣíbí ọbẹ̀, òun náà ló sì ni ẹnu. "Àmàlà mélòó? Ẹran mélòó? Ṣé kí n fi gbẹ̀gìrì sí i?" Kí o tó dáhùn, ó ti ro owó ẹ̀ pọ̀. Ohun tó kù fún ìwọ tí o tò sórí ìlà ni ẹ̀bẹ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi omi ọbẹ̀ sí i. Ẹ má wo ojú mi, ikùn mi ni kí ẹ wò." Tí inú wọn bá dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n á ju ṣàkì kékeré kan lé e, wọn ò ní gbowó rẹ̀. Èènì nìyẹn. Mo mọ ẹni tó máa ń kọjá búkà mẹ́ta nítorí èènì ìyá kan ṣoṣo.

Nasi campur ni wọ́n ń pe irú oúnjẹ tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà: ìrẹsì funfun, pẹ̀lú ogún abọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tò kalẹ̀, ẹja díndín, adìyẹ, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, ẹyin, tófù. Bù ú bó ṣe wù ọ́. Lẹ́yìn náà, wàá gbé àwo rẹ lọ bá ẹni tó ń gbowó. Kò ní ka ẹran, kò ní ka ẹja. Á kàn wò ó fìrí, á ní "Lapan ringgit," ringgit mẹ́jọ, owó Màlésíà. Ojú ni òṣùwọ̀n.

Ojú yẹn kó mi sí wàhálà lọ́sẹ̀ kejì. Mo rí sotong, ẹran inú omi kan tó rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tó jinná dáadáa. Mo kó mẹ́ta ńláńlá tí ẹyin kún inú wọn sórí ìrẹsì mi, mo tún fi edé gbàǹgbà méjì tì í. Ẹni tó wà níwájú mi san ringgit mẹ́jọ. Èmi san méjìdínlọ́gbọ̀n. Ǹ bá dá a padà, àmọ́ mo ti da ọbẹ̀ bò ó. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò sì dùn lẹ́nu mi rárá. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi ṣíbí kan ohunkóhun tó bá jáde látinú òkun, mo máa ń béèrè: "Berapa, kak?" Èló ni, ẹ̀gbọ́n?

Ibi tí ara ti tù mí jù ni ibi tí wọ́n ti ń ta nasi kandar, nítorí níbẹ̀, olóúnjẹ ló ń bu oúnjẹ fúnni, bíi ti ilé. Àwọn Tamil, ẹ̀yà kan láti gúúsù Íńdíà, tó jẹ́ Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Penang, ní apá àríwá. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí ìkòkò ìrẹsì wà ní orí kan, tí ti ọbẹ̀ wà ní orí kejì, òun ni wọ́n ń pè ní kandar. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọ̀pá kiri mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò. Ìyanu ibẹ̀ ni ọbẹ̀. Ọkùnrin tó ń bu oúnjẹ á ti ṣíbí bọ ìkòkò adìyẹ, á dà á sórí ìrẹsì, á bọ́ sí ti ẹja, á bọ́ sí ti màlúù, títí ìrẹsì yóò fi rì. Tí o bá fẹ́ kó pọ̀ gan-an, "banjir" ni wàá wí. Omíyalé ni banjir. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ti sọ ìtàn Ògùnpa ọdún 1980 fún kì í fi omíyalé ṣàwàdà, àmọ́ èmi ń pariwo ẹ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀: "Banjir, boss!" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni mo rántí àbùlà. Ọ̀tọ̀ ni ewédú, ọ̀tọ̀ ni gbẹ̀gìrì, ọ̀tọ̀ ni ọbẹ̀ ata, ibi tí wọ́n ti pàdé ni adùn wà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n da ọbẹ̀ kan ṣoṣo sí i, kò tíì jẹ nasi kandar. Èrò tèmi nìyẹn.

Kò sí èènì o. Mo ti bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Àga ni èènì tiwọn. Ní àwọn ilé oúnjẹ àwọn Tamil Mùsùlùmí náà tí wọ́n ń pè ní mamak, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, o lè fi ife tíì kan jókòó fún wákàtí mẹ́rin, kó sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí lò ń ṣe. Teh tarik ni tíì náà, tíì tí wọ́n fà. Ẹni tó ń pò ó á gbé ife kan sókè ju orí rẹ̀ lọ, á gbé ìkejì sí ìdí, á máa da tíì àti mílíìkì aládìdùn látòkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, títí yóò fi hó kùkù bí ọṣẹ, ẹ̀kán kan kò sì ní ta sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbé e lọ, inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n máa dà á sí, wọ́n á so ó lọ́rùn, wọ́n á ti sítíróò bọ̀ ọ́, wàá gbé e kọ́ ìka bí ẹni ra píọ̀ wọ́tà. Tí bọ́ọ̀lù England bá ń lọ lóru, gbogbo àga kún, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ilé ìwé. Aago méjì òru ni mo ń sọ yìí. Sìgá nìkan ló dín kù: láti oṣù Kìíní ọdún 2019 tí òfin ti dé, àwọn tó ń mu ún gbọ́dọ̀ fi mítà mẹ́ta jìnnà sí tábìlì.

Ohun kan wà tí kò tíì mọ́ mi lára. Ní Ìbàdàn, Àáfáà àti Pásítọ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí wọ́n jọ máa gé àmàlà, ìbéèrè kan kò sí ńbẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹlẹ́dẹ̀ ní ibùdó tirẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ní Kuala Lumpur, ojú ni wàá kọ́kọ́ gbé sókè wo ẹnu ọ̀nà, bóyá àmì halal tí JAKIM, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ń fún wọn wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Malay, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí, kì í bá mi wọ kopitiam, ilé kọfí àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ti ń ta ẹlẹ́dẹ̀, bó ti wù kí nudúlù ibẹ̀ dára tó. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà kì í jẹ màlúù. Ó wá ku mamak. Níbẹ̀ ni gbogbo wa ti ń pàdé. Nínú ààwẹ̀ ńkọ́? Mùsùlùmí tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń jẹun lọ́sàn-án ní gbangba lè sanwó ìtanràn. Mo rántí bàbá mi àgbà tí wọ́n máa ń gbààwẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí búkà, tí èéfín ọbẹ̀ ń wọlé tọ̀ wọ́n, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nasi lemak ni wọ́n máa ń jẹ láàárọ̀: ìrẹsì tí wọ́n fi oje àgbọn sè, ẹja wẹẹrẹ tí wọ́n dín gbẹ, ẹ̀pà, kùkúḿbà, ẹyin àti ata sambal, gbogbo rẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ àṣà oúnjẹ àárọ̀ Màlésíà sínú àkójọ àjogúnbá aráyé, nasi lemak, roti canai tó jẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti teh tarik wà níbẹ̀. Mo ń tú ewé lọ́wọ́ nígbà tí mo ka ìròyìn ẹ̀ lórí fóònù, ó sì dà bíi pé kí n bínú díẹ̀ nítorí mọ́ínmọ́ín elewé. Ẹ̀sùn mi kan ṣoṣo sí nasi lemak ni ṣúgà. Wọ́n ń fi ṣúgà sínú ata! Belacan tó wà nínú sambal náà ló ń tù mí nínú. Edé ni wọ́n gún, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan. Bó ti ń rùn nìyẹn, bó sì ti ń dùn nìyẹn, bí irú gan-an. Ìyàwó mi ti ń fi se ẹ̀fọ́ rírò nígbà tí irú bá tán nílé, àlejò kankan kò tíì mọ̀.

Tí ará ilé bá wá kí wa, Jalan Alor, òpópónà olóúnjẹ, ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo máa ń mú wọn lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n ya fọ́tò wọn. Owó ibẹ̀, owó àlejò ni. Ọjọ́ kejì ni mo ń mú wọn lọ sí Kampung Baru, àdúgbò àwọn Malay tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1900, tí ilé onípákó ṣì wà lábẹ́ òjìji ilé gogoro Petronas. Níbẹ̀, tí o bá ń kọjá níwájú ẹni tó ń jẹun, á ní "Jemput makan," ẹ wá jẹun. Àǹtí mi kan dá wọn lóhùn ní Yorùbá, "Á gba ibi ire o," ó sì dà bíi pé wọ́n yé ara wọn.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni mo délé. Mo wọ búkà kan ní Bódìjà, ebi ti pa mí láti Èkó. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ kọjá gíláàsì, mo ti gbá ṣíbí gbẹ̀gìrì mú. Ìyá olóúnjẹ wò mí látòkè délẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá mi tà á ni?"

Mo tọrọ gáfárà. Wọ́n bù ú fún mi, wọ́n fi pọ̀nmọ́ kan lé e láìgbowó. Mo jẹun tán, mo fẹ̀yìn ti àga, mo fa fóònù yọ. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi gbé àwo àmàlà dúró lé mi lórí, ooru ẹ̀ ń fẹ́ sí mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹun tán, àbí?"

Mo dìde fún un.