Ẹ Má Tètè Di Ẹ̀bi Ru Lésà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù ion, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń tún lésà tò, tí lésà kò sì jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, kí oṣù méjì tiyín má baà ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ion ytterbium márùn-ún ni mo ń lò: átọ́ọ̀mù tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pàkúté oníná ló sì gbá wọn mú. Wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú òfìfo, àárín wọn kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, wọ́n sì ń ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá mì, gbogbo wọn ló mì: mo fa gbùrù, gbùrù fagbó. Ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lè gbà mì pọ̀. Mímì àjọmì yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì Cirac àti Zoller dábàá ní 1995 pé kí á fi so ion kan mọ́ èkejì. Àwa tí a sọ ion kọ̀ọ̀kan di òòfà kékeré, òun náà la gbẹ́kẹ̀ lé. A ó gbé lésà sí ẹ̀gbẹ́ fíríkúẹ́ńsì mímì kan (iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), a kò ní bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. Àlàfo tó kù láàárín wọn ló ń pinnu bí àwọn òòfà náà ṣe máa fa ara wọn tó.

Àlàfo tèmi jẹ́ 20 kilohertz. Lóru, àbájáde mi ń bá ìṣirò mu rẹ́gí. Tó bá di ọ̀sán, ó yà bàrá. Mo nu dígí, mo tún lésà tò, pàbó. Ọ̀gá mi wá bi mí bóyá mo ti wọn mímì wọn lọ́sàn-án rí. Mi ò wọ̀n ọ́n rí.

A fi iná mànàmáná kékeré rọra mi wọn, à ń yí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àwòrán ion bá ti fẹ̀ nínú kámẹ́rà, ibẹ̀ ni fíríkúẹ́ńsì mímì tiwọn wà. Mímì tó bá ìlà wọn lọ kò yẹ̀ rárá. Èyí tó dábùú ìlà náà ti fi bíi 2 kilohertz sún. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀: iná tó dúró sójú kan ló ń ṣàkóso ti àkọ́kọ́, iná rédíò, èyí tó ń yí síwá-sẹ́yìn kíákíá, ló ń di ti èkejì mú. Kọ́ìlì bàbà tó ń gbé iná rédíò náà lágbára ń gbóná bí yàrá bá ti móoru, agbára iná náà sì ń dín kù. Kilohertz méjì nínú ogún tí àlàfo mi jẹ́: ìfàmọ́ra àwọn òòfà mi ti yí padà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá! A bu díẹ̀ lára iná rédíò náà, a fi wé fóltì tí kì í yẹ̀, a sì ń fi ìyàtọ̀ wọn tún un ṣe.

Ẹ tún ṣọ́ra fún mímì tí gbogbo wọn jọ ń lọ síhà kan náà. Ó wù mí púpọ̀, torí bí lésà bá sún mọ́ ọn, gbogbo ion á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fa ara wọn bákan náà. Ṣùgbọ́n òun ni ariwo iná láti ara irin pàkúté ń tètè mú gbóná jù, nítorí ariwo náà ń ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láràárọ̀ báyìí, mo ń wọn mímì méjèèjì, èyí tó bá ìlà lọ àti èyí tó dábùú rẹ̀, kí n tó tan lésà iṣẹ́, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú bí yàrá ṣe gbóná tó.