Ìsàlẹ̀ Ìwé Ìdìbò: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ìjọba Amẹ́ríkà

Bí àwa Yorùbá tó ń gbé ní Houston bá péjọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú sì délẹ̀, orúkọ ààrẹ ni ẹ ó máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kò sí ẹni tí kò ní nǹkan sọ nípa ẹni tó wà ní Washington. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ kọmíṣọ́nnà tó ń ṣojú àdúgbò yín nínú ìgbìmọ̀ káńtì (county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀), tàbí orúkọ ẹni tó ń ṣojú yín ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Austin, ẹ ó rí i pé ariwo á rọlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Texas. Mo ti gba ìwé ọmọ-ìlú, mo ti ra ilé, mo sì ti tọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba níbí. Ohun tí gbogbo rẹ̀ kọ́ mi ni pé àwọn tí a kì í dárúkọ wọ̀nyí ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń kàn wá lójoojúmọ́, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí kalẹ̀.

Àwọn tó kọ ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Philadelphia ní ọdún 1787 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba ni, wọn kò sì fẹ́ kí agbára tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Wọ́n pín in: àwọn aṣòfin ló ń ṣe òfin tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìnáwó, ààrẹ ló ń mú òfin ṣẹ, ilé ẹjọ́ ló sì ń sọ ohun tí òfin wí. Pínpín yìí ni gbogbo wa ń há sórí nítorí ìdánwò ìwé ọmọ-ìlú. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí ni pínpín kejì, ìyẹn èyí tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀. Àtúnṣe kẹwàá sí ìwé òfin náà, tó di òfin ní ọdún 1791, sọ pé agbára èyíkéyìí tí ìwé òfin kò bá gbé fún ìjọba àpapọ̀, tí kò sì fi du àwọn ìpínlẹ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ ni tàbí ti àwọn ará ìlú fúnra wọn. Abẹ́ gbólóhùn kan yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa wà, àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀, ìwé àṣẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì wa fi ń ṣiṣẹ́, òfin ilé àti ilẹ̀, àti èyí tó pọ̀ jù nínú òfin ọ̀daràn.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù líle bo Texas, iná ọba lọ nílé wa, omi dì nínú páìpù, a sì kó gbogbo aṣọ tó wà nílé lé àwọn ọmọ lórí. Ènìyàn 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kà pé ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Àwọn tó ń pè mí lórí fóònù ń béèrè ohun tí ààrẹ ń ṣe. Ààrẹ fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iná Texas dá dúró, kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, àwọn tí gómìnà yàn ló ń bójú tó o, àwọn aṣòfin Austin ló sì ń ṣòfin rẹ̀. Àwọn aṣòfin wọ̀nyí kì í jókòó ju ọjọ́ 140 lọ láàárín ọdún méjì, àyàfi tí gómìnà bá pè wọ́n padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi dandan lé e pé kí àwọn iléeṣẹ́ iná múra de òtútù, Austin ni kó kọ̀wé sí, kó sì tètè kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ìjókòó bá bọ́ sí. Bí lẹ́tà náà bá dé ní oṣù kẹjọ, àwọn aṣòfin ti túká lọ sílé.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 wo ti Amẹ́ríkà kọ́, ó sì jọ pé ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa. A rí ààrẹ, gómìnà àti ilé aṣòfin méjì, a sì rò pé ohun tí a mọ̀ nílé náà ni. Ní Nàìjíríà tí mo ti wá, abẹ́ àṣẹ àpapọ̀ ni mo bá ọlọ́pàá, owó tó ń wá láti Abuja ni ìjọba ìbílẹ̀ sì ń retí ní oṣooṣù. Ní Houston, ọ̀dọ̀ méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú ti ń gba àṣẹ. Ṣẹ́rífù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì, ní Harris County tí Houston wà, àwa ará káńtì la dìbò yàn án, ààrẹ kò sì lè yọ èyíkéyìí nínú wọn nípò. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú lè ṣe bó ti wù ú. Ìwé òfin àpapọ̀ kò dárúkọ ìlú tàbí káńtì rárá. Ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀, ó sì lè fa ìjánu wọn nígbàkígbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas gba àkóso àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Houston, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn sẹ́yìn, wọ́n sì yan àwọn mìíràn dípò wọn. Òbí tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń pinnu ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Owó ni mo fi mọ ìjọba káńtì dáadáa. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, nítorí náà orí ilé àti ilẹ̀ ni ẹrù náà wúwo sí. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, lẹ́tà máa ń dé tó ń sọ iye tí wọ́n dá lé ilé ẹni, lórí iye yẹn sì ni ilé ẹ̀kọ́, káńtì, ìlú àti àwọn ilé ìwòsàn káńtì yóò ti gba tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa a máa kùn, wọn a sì san án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀tọ́ wà láti tako iye náà títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Mo ti jókòó níwájú àwọn mẹ́ta tó ń gbọ́ irú ẹ̀hónú bẹ́ẹ̀. Ará ìlú bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n wà nídìí tábìlì kékeré kan nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Mo mú fọ́tò ibi tí ìpìlẹ̀ ilé ti sán, tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò fi pa dé mọ́, àti ìwé tí agbaṣẹ́ṣe kọ iye owó àtúnṣe sí. Obìnrin tó jókòó láàárín gba fọ́tò náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti dín iye náà kù. N kò gba lọ́yà, n kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, n kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ẹ̀rí tí mo mú dání ló ṣiṣẹ́.

Ìdínkù mìíràn tún wà fún ẹni tó bá ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún un. Tẹ́lẹ̀, dọ́là 40,000 ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó orí ti ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, a dìbò lórí àtúnṣe sí ìwé òfin Texas, ó sì di 100,000 nígbà náà. Kò sí ìdìbò ààrẹ lọ́dún náà, kò sí ti gómìnà, ọ̀pọ̀ àwọn onílé tí mo mọ̀ kò sì jáde, bẹ́ẹ̀ owó àpò wọn gan-an ni ìdìbò náà dá lé.

Ìwé ìdìbò Harris County gùn gan-an. Lẹ́yìn ààrẹ tàbí gómìnà, ẹ ó bá aṣòfin àpapọ̀, aṣòfin ìpínlẹ̀ àti kọmíṣọ́nnà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn adájọ́ yóò máa tẹ̀lé ara wọn, ojú ewé lé ojú ewé, nítorí ìdìbò ni a fi ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú adájọ́ ní Texas, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ọdún 2018, obìnrin aláwọ̀ dúdú 17 ló wọlé sípò adájọ́ ní káńtì yìí nínú ìdìbò kan ṣoṣo. Níbi orúkọ àwọn adájọ́ yìí ni ó ń rẹ àwọn ènìyàn, tí wọ́n fi ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jáde. Adájọ́ tó ń pinnu ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ìgbéyàwó bá tú ká wà níbẹ̀, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogún olóògbé wà níbẹ̀, adájọ́ àdúgbò tó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, àti ẹjọ́ gbèsè tí kò ju dọ́là 20,000 lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà kan, ènìyàn lè tẹ ibì kan ṣoṣo kí ìbò rẹ̀ sì lọ fún gbogbo òǹdíje ẹgbẹ́ kan. Láti ọdún 2020, Texas ti mú ìyẹn kúrò, kálukú ni a gbọ́dọ̀ yàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi a máa ka ìwé ìtọ́sọ́nà tí League of Women Voters, ẹgbẹ́ kan tí kì í gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ń tẹ̀ jáde, máa sì kọ àwọn tí mo yàn sínú bébà, nítorí wọn kò gbà kí á lo fóònù nínú ibùdó ìdìbò, ṣùgbọ́n wọ́n gba bébà.

Ìdìbò abẹ́lé ti oṣù kẹta tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Láti ọdún 1994, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat kankan tó tíì wọlé sípò tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ Texas, nítorí náà inú ìdìbò abẹ́lé Republican ni ọ̀pọ̀ irú ipò bẹ́ẹ̀ ti ń parí. Ní àwọn àdúgbò kan ní Houston, òdìkejì rẹ̀ ló rí. Kò dìgbà tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kó tó lè kópa. Ní ibùdó ìdìbò ni yóò ti sọ ti ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ bá dìbò.

Ní ti ààrẹ, kí ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye aṣojú tó ń bá a dìbò yan ààrẹ. Gbogbo wọn jẹ́ 538, Texas ní 40, ẹni tó bá sì kó 270 ló wọlé. Ìdí nìyí tí Al Gore ní ọdún 2000 àti Hillary Clinton ní ọdún 2016 fi ní ìbò ará ìlú jù, síbẹ̀ tí wọn kò di ààrẹ.

Mo fẹ́ bá àwọn tó ṣì wà lórí green card, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbé pípẹ́ títí fún ẹni tí kò tíì di ọmọ-ìlú, sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn. Nígbà tí ẹ bá lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọn lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ dáhùn pé rárá. Bí akọ̀wé bá ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ẹ ṣì dáhùn pé rárá. Òfin ọdún 1996 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ-ìlú láti dìbò nínú ìdìbò àpapọ̀, bí ẹ bá sì fọwọ́ sí ìwé tó pè yín ní ọmọ-ìlú, ó lè mú kí wọ́n dá yín padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òfin àpapọ̀ sì gbà kí oní-green card fi owó ti òǹdíje lẹ́yìn.

Ẹ sì lè kọ̀wé sí aṣojú yín ní Washington, yálà ẹ lè dìbò tàbí ẹ kò lè dìbò. Ìwé tí mo kọ láti fi mú ìyá mi wá dúró sójú kan ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan títí agara fi dá wa. Mo pe ọ́fíìsì tí aṣojú wa ní sí àdúgbò. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tí mo buwọ́ lù kí wọ́n lè béèrè nípa ọ̀rọ̀ mi, ìgbà tí èsì sì dé ni a tó mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí kan ni wọ́n ń retí. Aṣojú kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè béèrè, iléeṣẹ́ náà a sì máa dá a lóhùn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ fi nọ́ńbà ìwé ìbéèrè yín sí i, àti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ má sì gbàgbé àdírẹ́sì ilé, nítorí òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá lábẹ́ aṣojú yẹn ni ẹ wà.