Ìgbà Tí Mo Jókòó Ni Mo Tó Rí Ọgbà

Ó tó ọdún 3 tí mo fi ń lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kí n tó mọ̀ pé n kò tíì rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo bá ti wọ géètì báyìí, ìrìn ni. Mà á ya fọ́tò òdòdó, mà á ya ère, mà á sáré dé etí adágún, mà á sì yí gbogbo ọgbà po kí wọ́n tó tì í. Fóònù mi a kún, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni mo rí, n kì í rí ọ̀rọ̀ sọ.

Bàtà tó bó mi lẹ́sẹ̀ ló là mí lójú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá òdòdó kan tí orí rẹ̀ jọ orí ẹyẹ: ó ní àwọn ewé aláwọ̀ ọsàn tó nà sókè bí òṣùṣù, àti èyí tó jẹ́ búlúù, tó yọ ṣóńṣó bí ọfà. Fún bí ìṣẹ́jú 10, kò sí ohun tó mì. Ẹ̀gà kan wá bà lé orí ṣóńṣó búlúù náà. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló là sí méjì, ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ yọ síta, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gà ki ẹnu bọ ìdí òdòdó, ó mu omi dídùn ibẹ̀, ó fò lọ bá òdòdó kejì tòun ti ìyẹ̀fun lẹ́sẹ̀. Mo ti ya òdòdó yẹn tó ìgbà 20. N kò mọ̀ pé ó nílẹ̀kùn.

Bàbá kan tó ń tú koríko nítòsí rí bí mo ṣe lanu. Ó ní, “Ọmọ mi, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá o.” Mo bi í pé, “Bàbá, ìgbà wo ló yẹ kí n máa dé?” Ó ní kí oòrùn tó mú, nítorí ebi òru ṣì ń pa ẹyẹ nígbà náà. Látọjọ́ náà, ẹni àkọ́kọ́ tó ń wọlé ni mo máa ń jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka pátákó kékeré tó wà nídìí ewéko. Ti òdòdó mi kọ ọ́ pé Strelitzia reginae, Gúúsù Áfíríkà. Ayaba Charlotte, aya Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi orúkọ yẹn yẹ́ sí. Ìdílé Mecklenburg-Strelitz ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, reginae sì ni “ti ayaba” ní èdè Látìn. Irú ọgbà báyìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n dá ọgbà Padua ní Ítálì sílẹ̀ ní 1545, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè dá ewé oògùn mọ̀ yàtọ̀ sí májèlé ni. Ní ọgbà Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, igi kan tó ń jẹ́ Encephalartos altensteinii, tí wọ́n gbé dé láti gúúsù Áfíríkà ní 1775, wà nínú ìkòkò, ó sì ń yọ ewé tuntun títí di òní. Ta ló máa sáré kọjá níwájú irú igi bẹ́ẹ̀?

Ní ti ẹyẹ, aṣọ tó bá ń tàn yòò kò dára, ẹ má sì máa nawọ́ sí wọn. Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń fi fóònù ké bí ẹyẹ kí ẹyẹ lè jáde. Ẹyẹ náà á rò pé ọ̀tá ti wọ ààlà òun, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi ìtẹ́ sílẹ̀, á máa wá ẹni tí kò sí kiri. Ẹ má ṣe é. Búrẹ́dì tí a ń jù sí pẹ́pẹ́yẹ náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀: ó ń yó wọn láì ṣe wọ́n lóore, èyí tó bá ṣẹ́kù a sì máa ba omi jẹ́.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ère inú ọgbà. Ẹ máa yí i po, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo igi tí wọ́n jẹ́ kó kọjú sí. Ẹ má fọwọ́ pa á, nítorí òógùn ọwọ́ ń jẹ idẹ. Ère obìnrin kan wà tó jókòó, tó tẹ́ ọwọ́ sórí itan, òjò àti atẹ́gùn sì ti sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, omi sì dúró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹyẹ kékeré kan bà sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó wò mí, ó wọnú omi náà, ó ń fi ìyẹ́ gbọ́n ọn sókè títí àyà ère fi tutù. Mo jókòó títí ara ẹyẹ náà fi gbẹ, tó sì fò lọ. N kò dé etí adágún lọ́jọ́ náà.