Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Aago tó yẹ kí a lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì nídìí. Bí a bá sùn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, á tún ti máa gòkè. Àárọ̀ yẹn náà sì ni ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń wọ́pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé oògùn alẹ́ yóò ti lúgọ de ewu àárọ̀.

Ní 2019, ìwádìí Hygia láti Spéìn sọ pé alẹ́ dára ju àárọ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ bẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ṣe é. Yunifásítì Dundee ní Skọ́tíláǹdì náà ṣe tiwọn, tí wọ́n pè ní TIME, pẹ̀lú ènìyàn 21,104. Apá kan ń lo oògùn láàárín aago 6 sí 10 àárọ̀, apá kejì láàárín aago 8 alẹ́ sí 12 òru, fún ohun tó lé ní ọdún 5. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú látinú àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ bá 3.4 nínú 100 lára àwọn alálẹ́, ó bá 3.7 lára àwọn aláàárọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí ènìyàn lè gbára lé. Ìwádìí BedMed ní Kánádà náà kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ wo amlodipine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró kan tí ẹ gbé mì, ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ni aago 8 àárọ̀ tàbí 9 alẹ́ wá fẹ́ yí padà níbẹ̀? Ọjọ́ tí a kò lò ó rárá ló ń ṣe ọkàn níbi. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bíi fífọ ẹnu.

Àwọn kan wà tí aago ṣe pàtàkì sí o. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi Moduretic tàbí furosemide, àárọ̀ ni tiwọn. Bí àgbàlagbà bá lo furosemide ní aago 9 alẹ́, aago 11 kò ní tíì lù tí á fi dìde, á tún dìde ní aago 1. Òyì oorun wà lójú, ilẹ̀ balùwẹ̀ tutù, iná kò sí. Eegun ìbàdí tó kán báyìí le ju ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń tọ́jú lọ. Simvastatin, tó wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, alẹ́ ló dára fún, torí òru ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe ọ̀rá náà jù, oògùn yìí kì í sì í pẹ́ lára. Atorvastatin, tó wà fún ọ̀rá yìí kan náà, ń pẹ́ ní tirẹ̀, ìgbàkígbà ló ṣe é lò.

Ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ sábà máa ń ṣe é gbé sí ìṣínu, ṣùgbọ́n oògùn tó ń mú ni tọ̀ nígbà sààrì lè gbẹ omi ara kó tó di ọ̀sán.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí: ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lo oògùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí kílíníìkì, wọ́n ní àwọn kò tíì jẹun. Ẹ̀rọ á ka 170/100, dókítà á rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, á fi òmíràn kún un. Ẹ fi omi lò ó, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ má lò ó.

Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Bí aago èyí tó kàn bá ti sún mọ́lé, ẹ fo èyí tó kọjá. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Kí ẹ tó béèrè fún àyípadà aago, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nílé fún ọjọ́ 7: láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lálẹ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín wọn, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ti alẹ́ bá dára tí ti àárọ̀ sì ga, ó lè jẹ́ pé oògùn náà kì í dé ojúmọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé fún dókítà.